Ilé Kòkó Lóru: Ta Là Ń Tan Iná Fún?

Ilé tó bá jẹ́ ti gbogbo ìlú, ọ̀sán nìkan kọ́ ni à ń lọ wò ó. Lọ́sàn-án, oòrùn a máa bo àṣírí ilé. Ilé burúkú pàápàá a máa dán. Alẹ́ ni kí ènìyàn lọ wò ó, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó ni ilé ló ń pinnu ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò dé àti ibi tí òkùnkùn yóò wà. Ìgbà yẹn gan-an ni ilé ń sọ tinú rẹ̀. Yóò sọ ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ, yóò sì sọ ẹni tí wọn kò rántí.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ká jọ wo Ilé Kòkó tó wà ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn, lójú alẹ́. Ẹ̀yin òǹkàwé wa ti ka ọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa gíga rẹ̀. Àwòrán rẹ̀ ti wà lára kàlẹ́ńdà, ó ti wà lẹ́yìn ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó jókòó béèrè ọ̀rọ̀ iná rẹ̀ pé: ta là ń tan iná ilé yìí fún? Ẹ má rò pé ìbéèrè ọmọdé ni o. Ọ̀rọ̀ àwa ará ìgboro àti àwọn ará oko tó yí wa ká, láti Akínyẹlé dé Lágelú, láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ọ̀nà-Àrà, ló wà nínú rẹ̀.

Ká tó dá ẹjọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ òfin tí a ó fi dá a. Ọkùnrin kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Richard Kelly. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí àwọn ayàwòrán ilé pè é kó wá bá wọn ṣètò iná. Ní 1952 ó pín ìmọ́lẹ̀ inú ilé sí ọ̀nà mẹ́ta, ìpín náà sì bá ilé tiwa mu ju bí òun fúnra rẹ̀ ti lè mọ̀ lọ. Ọ̀kan ni ìmọ́lẹ̀ tó kún ibi gbogbo, tí kò dúró sójú kan. Ṣé ẹ rántí òṣùpá tí àwọn àgbà ń jókòó sí lábẹ́ rẹ̀ pàlọ́? Òun nìyẹn. Èkejì ni ìmọ́lẹ̀ tó dojú kọ iṣẹ́. Ẹ wo ìyá tó ń ta àkàrà lọ́jà alẹ́. Àtùpà rẹ̀ kì í tan sí gbogbo ọjà. Orí àkàrà àti orí owó ló ń tàn sí, kí ẹ lè rí ohun tí ẹ ń rà, kí òun náà sì lè rí ṣéńjì tó ń fún yín. Ẹ̀kẹta ni ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ṣọ́, èyí tó ń tàn wíníwíní bí iná aláwọ̀ mèremère tí à ń so káàkiri níbi ìnáwó. Kò sí ẹni tó ń fi í ka ìwé, ṣùgbọ́n ọkàn a máa yọ̀ sí i.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dára. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni pé èwo ló ṣáájú. Ìyá alákàrà kò jẹ́ so iná mèremère mọ́ àtíbàbà kó tó tan àtùpà sójú àwo. Bó bá dán an wò, oníbàárà yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò sì gba ọ̀dọ̀ ìyá kejì lọ.

Kelly yìí wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ sí Seagram Building, ilé alájà 38 tí wọ́n parí ní New York ní 1958. Ilé iṣẹ́ ọlọ́tí ló ni ín nígbà náà. Wọ́n ṣètò iná sí sílíìnì tó sún mọ́ fèrèsé yíká lórí àjà kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé bí ilẹ̀ bá ṣú, inú ilé náà ni ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde, gbogbo rẹ̀ a sì máa tàn bí láńtà ńlá. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú níbẹ̀ ni èyí: iná kan náà tó ń tàn fún òṣìṣẹ́ tó jókòó sẹ́nu iṣẹ́ ni ẹni tó wà ní títì ń rí bí ẹwà. Ẹ̀ṣọ́ ti inú iṣẹ́ jáde. Wọn kò kun ojú ilé ní àtíkè kí wọ́n fi inú rẹ̀ sílẹ̀ nínú òkùnkùn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí Dùgbẹ̀.

Ní 1965 ni wọ́n parí Ilé Kòkó. Àjà 26 ni, ó ga tó mítà 105, kò sì sí ilé tó ga jù ú lọ ní Nàìjíríà nígbà náà. Ilé Àwọn Àgbẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, orúkọ yẹn kò sì jẹ́ àpọ́nlé lásán. Láti 1954 ni Ìgbìmọ̀ Ọjà ti ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Marketing Board, ti ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní iye tí òun fúnra rẹ̀ dá, tó sì ń tà á sókè òkun ní iye tí ọjà ayé bá mú wá. Owó tó wà láàrin iye méjèèjì ni ìjọba fi ṣe ohun púpọ̀. Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló burú. Ìwé ọ̀fẹ́ ti 1955, tẹlifíṣọ̀n ti 1959, òógùn àgbẹ̀ ló wà nídìí wọn. Ilé Kòkó náà wà lára wọn.

Nítorí náà, bí àgbẹ̀ kan bá ti Àkànràn tàbí Làlúpọn wọ ìgboro ní 1965, tó gbójú sókè wo ilé yẹn, ohun tirẹ̀ ló ń wò. Ìbéèrè mi ni pé: yàtọ̀ sí pé kó wò ó, kí ló tún rí gbà nínú rẹ̀? Àjà 26 tó kún fún ọ́fíìsì, báńkì àti ilé iṣẹ́, èwo nínú rẹ̀ ni àgbẹ̀ ní iṣẹ́ ṣe níbẹ̀? Wíwò ni ìpín tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ṣọ́ nìkan, ẹ̀kẹta nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ni wọ́n fún ẹni tó sanwó ilé.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1968, àwọn àgbẹ̀ ìletò àyíká Ìbàdàn dìde, wọ́n ní àwọn kọ ìyà. Àgbẹ̀kọ̀yà ni a mọ ìjà náà sí, ó sì wọ 1969. Tafa Adéoyè, ọ̀kan nínú àwọn olórí wọn, ọmọ Àkànràn ni. Ẹ lọ wo ohun tí wọ́n béèrè: kí owó orí dínkù, kí wọ́n yé fi ipá gbà á, kí owó kòkó lọ sókè, kí wọ́n tún ọ̀nà oko ṣe. Kò sí ìkankan nínú wọn tó béèrè ilé gíga. Ọ̀nà àti owó ni wọ́n béèrè, ohun tí ènìyàn ń fi ọwọ́ kàn.

Ẹnìkan lè dá mi lóhùn pé, "Akọ̀wé, ṣé o kò fẹ́ kí Yorùbá ní ohun àmúyangàn ni?" Mo fẹ́ ẹ, mo sì fẹ́ràn ilé náà. Bí mo bá dúró lórí òkè Màpó tí mo rí i tó nà gbọọrọ láàrin páànù tó ti dípẹtà, inú mi a máa dùn. Àgbẹ̀ ti fi hàn pé ohun tí òun gbìn nínú igbó lè di ilé tó kan ojú ọ̀run. Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n àmúyangàn ní bí a ti ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ wo NECOM House tó wà l'Ékòó, tí wọ́n parí ní 1979, tó sì gba ipò gíga jù lọ́wọ́ Ilé Kòkó. Iná kan wà lórí ṣóńṣó rẹ̀ tí wọ́n ṣe kó máa tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà ní èbúté Èkó. Ẹ rí i pé gíga ilé yẹn wúlò fún ẹlòmíràn. Atukọ̀ tí kò wọnú ilé náà rí láyé rẹ̀ lè jàǹfààní iná rẹ̀. Irú èyí ni mo pè ní iná ìlú.

Ìṣòro kejì tí Ilé Kòkó ní wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gan-an. Ilé gíga bẹ́ẹ̀, iná mànàmáná ni ẹ̀mí rẹ̀. Iná ló ń gbé lífíìtì, iná ló ń fa omi lọ sókè, iná ló ń mú kí àárín ilé tó jìnnà sí fèrèsé ṣeé jókòó sí. Àwọn tó kọ́ ọ gbà gbọ́ pé iná kò ní í lọ. Nígbà tiwọn, ECN ló ń fún wa ní iná. Ní 1972 ó di NEPA, ní 2005 ó di PHCN, ní 2013 ìjọba tà á fún àwọn oníléeṣẹ́. Orúkọ ń yí padà, ará ìlú ṣì ń pè é ní NẸ́PÀ, jẹnẹrétọ̀ sì ń ké.

Ní oṣù kìn-ín-ní 1985, iná tí a kò pè wọ Ilé Kòkó, ó jó o. Oṣù kẹjọ 1992 ni wọ́n tó tún un ṣe tí iṣẹ́ padà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ọdún méje ó lé ni ilé tó ga jù n'Ìbàdàn fi dúró láìní ìmọ́lẹ̀ nínú. Kó tó di pé ọdún méje yẹn pé, ní 1986, ìjọba ti fagi lé ètò Marketing Board, irú èyí tó pa owó tí wọ́n fi kọ́ ọ. Ilé ń bẹ nínú òkùnkùn, ọwọ́ tó bọ́ ọ kò sí mọ́. Síbẹ̀, kò wó. Kọnkéré àgbẹ̀ lágbára.

Títí di òní, bí mo bá gba Dùgbẹ̀ kọjá lálẹ́, ohun tí mo ń rí kì í ṣe ètò. Fèrèsé kan ní iná níhìn-ín, mẹ́wàá ṣókùnkùn lọ́hùn-ún; ọ̀kan funfun bíi wàrà, èkejì pupa rúsúrúsú. Oníkálukú ń tan tirẹ̀ bí owó rẹ̀ ti mọ. N kò fi èyí bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ilé tó ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ yẹ kó ní èrò kan lórí bí yóò ti hàn lóru.

Ǹjẹ́ ìlú wa kò mọ ọ̀nà mìíràn ni? Ó mọ̀ ọ́n. Láti Dùgbẹ̀, ẹ wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Ọ̀jọ́ọ̀ àti Mọ́níyà ní Akínyẹlé. Kí ẹ tó dé Ọ̀jọ́ọ̀, ẹ ó kọjá lẹ́nu géètì Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ kí ẹ lọ wo ilé ìkàwé tí wọ́n fi orúkọ Kenneth Dike pè. Maxwell Fry àti ìyàwó rẹ̀, Jane Drew, àwọn Òyìnbó ayàwòrán ilé láti Lọ́ńdọ̀nù, ló ya á, àárín àwọn ọdún 1950 ni wọ́n sì kọ́ ọ. Ó ṣáájú Ilé Kòkó bíi ọdún mẹ́wàá. Kò ga, kò dán, ẹni tó ń kánjú lè kọjá lára rẹ̀ láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ẹ wọ inú rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀ rèé. Wọ́n fi kọnkéré onihò, tó ní ọnà lára, bo ojú ilé náà bí ẹni fi ajọ̀ bo ẹnu ìkòkò. Oòrùn kò lè fi ojú rẹ̀ gán-ánrán wọlé. Ó ní láti gba inú ihò, kó kan kọnkéré, kó rọ̀, kó tó dé orí ìwé. Atẹ́gùn sì ń gba ihò kan náà wọlé. Bí ìyá wa ti ń sẹ́ ògì, bẹ́ẹ̀ ni ilé yẹn ń sẹ́ oòrùn: èyí tó kúnná nìkan ló ń bọ́ sínú.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ìdí tó fi jẹ́ ọgbọ́n. Lux ni àwọn onímọ̀ fi ń wọn ìmọ́lẹ̀. Tábìlì ọ́fíìsì tí ènìyàn ń kọ̀wé lórí rẹ̀ kò fẹ́ ju nǹkan bíi 500 lọ. Oòrùn ọ̀sán gangan nìta a máa tó 100,000. Ìyẹn ni pé ohun tí a nílò kò ju ìdá kan nínú igba lọ lára ohun tí Ọlọ́run ń dà sórí wa lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ ayàwòrán ilé n'Ìbàdàn kọ́ ni kó wá ìmọ́lẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dín in kù, kó má sì jẹ́ kí ooru rẹ̀ bá a wọlé. Bí oòrùn sì ti ń gba òkè orí wa kọjá, tó ń yà díẹ̀ sí àríwá láti oṣù kẹrin títí di ìparí oṣù kẹjọ, tó sì ń padà sí gúúsù nígbà tó kù, òrùlé tó bá yọ síta dáadáa ti tó láti dáàbò bo ojú ilé tó kọjú sí àríwá àti gúúsù. Ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ló ń yọ ni lẹ́nu, torí pé ìsàlẹ̀ ni oòrùn ti ń wọlé níbẹ̀, tó ń gún ni lójú. Àwọn baba wa tó ń kọ́ agbo-ilé mọ èyí láìka ìwé: òrùlé tó wálẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó tutù, àgbàlá láàrin tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọ yàrá gbogbo.

Nítorí náà, nígbà tí iná bá lọ ní Yunifásítì lọ́sàn-án, akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó sétí ògiri onihò yẹn ṣì lè parí ojú ìwé tó ń kà. Ìmọ́lẹ̀ tó dojú kọ iṣẹ́ ni wọ́n fi ṣáájú, ọnà ara kọnkéré sì tẹ̀lé e. Mo gbé òṣùbà fún ilé kékeré yìí ju fún ilé gíga ti Dùgbẹ̀ lọ.

Kí wá ni ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí? Pé nínú ilé méjèèjì, èyí tí kò yẹ ni àwọn ọmọ wa ń wò kọ́ṣẹ́. Ẹ máa ká àwọn ìlú kéékèèké tó yí Ìbàdàn ká lọ. Bí wọ́n bá ń kọ́ ọ́fíìsì ìjọba tuntun, gíláàsì dúdú ni, páànẹ́lì tó ń dán lójú ni, fèrèsé tí kò ṣeé ṣí ni, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ láàrin tí yàrá wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì rẹ̀. Ní ọjọ́ ìṣílé, jẹnẹrétọ̀ ń ké, amúlétutù ń fẹ́, gbogbo wa ń pàtẹ́wọ́. Bó bá di oṣù kẹta, díísù tán. Ọ̀sán gangan, inú ilé ṣú bí inú àká.

Mo wà ní irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan. N kò ní dárúkọ ibẹ̀. Màmá àgbà kan ti oko wá nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Iná ti lọ. Akọ̀wé tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀, ó gbé ìwé síwájú màmá, ó ní, "Màmá, ẹ tẹ̀ka síbí." Màmá tẹ orí sínú ìwé náà, ó tún gbé e sókè. "Ọmọ mi, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?" "Orúkọ yín ni, Màmá, àti ti ilẹ̀ yín." "Mo mọ òǹkà o, ọmọ mi. Fi iye tó wà níbẹ̀ hàn mí." Akọ̀wé, tó jẹ́ ọmọ tó lójú àánú, dìde, ó gbé ìwé náà jáde lọ sí ẹnu ọ̀nà, Màmá ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà, lójú oòrùn, ni wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ ilẹ̀.

Mo fẹ́ kí gbogbo ayàwòrán ilé, gbogbo kọngílá, gbogbo alága ìbílẹ̀ rò ó wò. Ìyá yẹn kì í ṣe aláìgbọ́n. Ó mọ̀ pé ẹni tí kò rí ohun tó ń tẹ̀ka sí ti fi dúkìá rẹ̀ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Wọ́n kọ́ ilé kan tí ará ìlú fi ní láti jáde síta kó tó lè rí ẹ̀tọ́ ara rẹ̀. Ilé bẹ́ẹ̀, ì báà dán bíi dígí, kò tíì di ilé ìlú.

Ìmọ̀ràn mi kò gùn. Lákọ̀ọ́kọ́, ọ́fíìsì tí kò bá ju àjà méjì lọ ní Mọ́níyà, ní Ìyànà Ọ̀fà, ní Ẹ̀gbẹ́dá tàbí ní Àkànràn kò nílò gíláàsì dúdú rárá. Búlọ́ọ̀kù onihò wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù létí títì. Kí yàrá kọ̀ọ̀kan ní fèrèsé ní ìhà méjì, kí òrùlé yọ, kí tábìlì akọ̀wé wà nítòsí ìmọ́lẹ̀. Èkejì, bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹnu ọ̀nà, àtẹ̀gùn àti ibi ìkọ̀wé ni kí iná kọ́kọ́ dé. Owó rẹ̀ kò tó ohun tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá. Ní oṣù kẹrin 2024, iná àwọn tí wọ́n tò sí Band A di N225 lórí yúníìtì kan. Bí a bá fi iye yẹn ṣírò, gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 60, tí a ń tàn fún wákàtí mẹ́wàá lálaalẹ́, yóò jẹ N4,050 lóṣù. LED oníwáàtì 9 tó ń fún ni ní ìmọ́lẹ̀ kan náà kò ní jẹ ju nǹkan bíi N607 lọ. Ẹ̀kẹta, bó bá wá ku owó, ẹ fi ṣe ẹ̀ṣọ́, inú wa yóò dùn.

Ní ti Ilé Kòkó, àwọn ìpínlẹ̀ tó jogún ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ló ni ín lónìí, nípasẹ̀ ilé iṣẹ́ Odù'a Investment tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976. Bí wọ́n bá fẹ́ tan iná sí i lára, kí wọ́n má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀, níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà, níbi tí ìyá ọlọ́jà Dùgbẹ̀ ti ń di ẹrù rẹ̀ lálẹ́ kó tó wá ọkọ̀ padà sí oko. Kí ilé àwọn àgbẹ̀ tàn fún ẹsẹ̀ rẹ̀ ná. Bí ọ̀nà bá ti mọ́lẹ̀ fún un, òun fúnra rẹ̀ yóò gbójú sókè wo ṣóńṣó ilé náà, yóò sì yìn ín.